Gómìnà Garland àti Ilẹ̀kùn Aago Méjì

Bí ẹ bá ti rí ibi jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gómìnà kan fún yín. Kì í ṣe gómìnà Texas o. Èyí tó wà ní Austin, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò ṣẹ̀ mí. Tiwa ni mo fẹ́ sọ, gómìnà tó ń gbé ní Garland, tó ní ìyàwó kan, ọmọbìnrin kan, ìyá kan àti fìlà mẹ́rìnlá.

Adéyẹmọ ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan ní Richardson ló ti ń ṣiṣẹ́. "Ade" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún a sì máa rán an pé kó lọ wo wáyà tó já. Kò sí ẹni tó ń dìde fún un. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti mọ́, tí ó bá ti gbé fìlà lé orí, Ade a lọ sinmi, Ẹ̀kẹ́lẹ́ńsì a jí.

Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe, ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá Garland àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tí a yàn án lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Alága ni a ń pe ẹni tó bá wà nípò náà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i nímú.

"Alága?" ló sọ nípàdé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Alága ìdúró, alága ìjókòó, gbogbo ẹni tó bá ti lè kọrin níbi ìgbéyàwó ni alága! Ẹ jẹ́ ká ronú, my people. Àwa Yorùbá tó wà ní Dallas yìí, ṣé a ò tó odidi ìpínlẹ̀ ni? Ìpínlẹ̀ wo lẹ rí tí alága ń ṣàkóso? Gómìnà ló ń ṣàkóso ìpínlẹ̀!"

A pàtẹ́wọ́. Kí n má parọ́, oúnjẹ ń tutù lórí tábìlì, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a sì lè gbà dé ìdí rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ náà parí. Báyìí ni Alága ṣe di Gómìnà. Babáwálé tó ń ta ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ di Chief of Staff, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa sọ ohun tí Gómìnà ń rò nípa ara rẹ̀ síta.

"Ẹ̀kẹ́lẹ́ńsì," ni Babáwálé a máa wí, "bí ẹ bá wúkọ́ ní Garland báyìí, gbogbo Dallas a máa wá kóòtù wọ̀!"

"Babáwálé, ó tó," ni Gómìnà a fèsì, ohùn rẹ̀ a sì máa sọ pé kò tíì tó.

Ẹgbẹ́ wa ní ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan. Nítorí àwọn àgbà la ṣe rà á, àwọn ìyá àti bàbá tí a kó wá láti ilé kí wọ́n lè bá wa tọ́jú ọmọ. Ẹni tí kò bá wakọ̀ níbí, ojú fèrèsé ni ayé rẹ̀ mọ. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé wọn lọ rí dókítà, tó ń jẹ́ kí Ìyá Gbéminíyì láti Pleasant Grove rí ẹni bá sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Gómìnà wo ọkọ̀ náà yípo, ó ní gómìnà tí kò ní kọ́nfọ̀ì, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì? Ó yọ ìlà àga méjì kúrò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí ibi nà sí. Ó kọ OFFICE OF THE GOVERNOR sí i lára. Bí ó bá fẹ́ lọ ra gas sínú ọkọ̀, ọkọ̀ kan a ṣáájú, ọ̀kan a tẹ̀lé e, iná wọn a máa ṣẹ́jú lórí freeway. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́pàá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ṣí fìlà fún wọn, ó rò pé òkú ni wọ́n ń gbé lọ.

Àwọn àgbà padà sójú fèrèsé. Ìyá Gómìnà gan-an, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, mọ iye ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lórí igi tó dojú kọ ilé, ó sì ti fún wọn lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aago ló gbé ọkùnrin yìí ṣubú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wá. Bí a bá ní aago méjì, aago méjì là ń wẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, Gómìnà pe ìpàdé sí aago méjì, òun fúnra rẹ̀ sì dé ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, kí èrò lè ti pé, kí wọ́n sì dìde fún un. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tún agbádá ṣe, ó bá Husseinat nìkan. Husseinat ni akọ̀wé wa. Apòògùn tó ń ka hóró oògùn ní ilé ìtajà oògùn ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣìkà, tí kì í sì í ṣìkọ. Kò dìde fún Gómìnà, nítorí ó ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀, ó ń to àga.

Ọ̀rọ̀ náà dun Gómìnà wọ egungun. Nígbà tí èrò máa fi dé, ó gba gbohùngbohùn.

"Láti òní lọ," ló ké, "bí aago bá ti lu méjì, kí a ti ilẹ̀kùn yìí pa! Ẹni tó bá wà níta, kó máa wò wá láti ìta! Ìbáà ṣe ọlọ́lá, ìbáà ṣe mẹ̀kúnnù, ìbáà ṣe èmi Adéyẹmọ fúnra mi! Òfin kì í wojú! African time, I bury you today!"

"Ìbáà ṣe èmi Adéyẹmọ fúnra mi" yẹn kò sí nínú ìwé tó mú lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ló dùn mọ́ ọn tó fi dé ibẹ̀. Husseinat kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, a sì fi ọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìka há ojú ewé yẹn, a máa padà síbẹ̀.

Ní oṣù Keje, òfin mú ẹran àkọ́kọ́. Níkẹ́, nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa, fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé Ìyá Gbéminíyì láti ọ̀dọ̀ dókítà wá sípàdé. Wọ́n dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Oòrùn ọjọ́ náà lè dín ẹyin lórí kọnkéré. Ìyá yẹn dúró lórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀, ó ń mí gúlegúle, Níkẹ́ sì ń kan ilẹ̀kùn gíláàsì.

"Brọ̀dá Adéyẹmọ, ẹ jọ̀ọ́ sà, Mama ni mo gbé wá! Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni!"

Gómìnà rìn wá sí ìdí gíláàsì. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi ìka ọ̀tún gbá aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó. Lẹ́yìn náà ó juwọ́ sí wọn bí ẹni ń sin èrò ọkọ̀ òfurufú, ó padà lọ jókòó. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn pé mo wà nínú ilé, mi ò sì dìde.

Níkẹ́ mú ìyá náà padà sínú ọkọ̀, ó fún un lómi. Ní alẹ́ ó tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé òun máa bá Brọ̀dá Adéyẹmọ díje, ohun kan ṣoṣo tí òun sì fẹ́ ṣe ni kí òun dá ọkọ̀ padà fún àwọn àgbà. Babáwálé fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́tàdínlógún dá a lóhùn.

Ó sì tó kó rẹ́rìn-ín. Bí a ti ń dìbò nínú ẹgbẹ́ wa kò le: olùdíje a dúró, àwọn tó fẹ́ ẹ a tò sẹ́yìn rẹ̀, Husseinat a kà wọ́n lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Gómìnà ní èèyàn tó ju ogójì lọ. Níkẹ́ kò ní ogún. A fi ìdìbò sí Sátidé kẹta oṣù Kẹwàá, aago méjì ọ̀sán.

Ó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà kan dé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ló kọ ọ́, ní ìlú kan tí kò ju ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan sí Garland. Wọ́n fẹ́ fi eré hàn bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń dìbò yan gómìnà ní nǹkan bí ọdún 1900, pẹ̀lú àpótí onígi àti ìwé ìdìbò, wọ́n sì ń wá àwọn aráàlú tó máa bá wọn ṣe é. Gómìnà kà á dé ibi ọ̀rọ̀ náà "governor," ó sì ká lẹ́tà náà. Kí ló tún kù tí èèyàn ń wá?

Jessica, ọmọbìnrin tó ń ṣètò eré náà, fi aṣọ olùdíje méjì hàn án. Ti ẹni tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ jẹ́ kóòtù dúdú lásán. Ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní ọ̀pá ìtilẹ̀, irùngbọ̀n funfun tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, àti fìlà kan tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò.

"This one," ni Gómìnà wí, fìlà ti dé orí rẹ̀.

"That's great, sir. I should mention, in our story the Colonel..."

"Colonel is okay. Does he give speech?"

"The longest one, actually. But at the end..."

"Then it is settled."

Dárasími, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ka ìwé eré náà dé ìsàlẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Daddy, your guy loses."

"Ta ló kà á?"

"Nobody counted. It's a play. And Daddy, in 1900 they'd hardly have let us near the box."

Gómìnà fọwọ́ tọ́ etí fìlà náà. "Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi gbọ́dọ̀ wọlé," ló wí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan yẹn.

Fúnlọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó sì máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìdìbò, kìlọ̀ fún un. "Bàbá Dárasími, ẹ dúró sílé lọ́jọ́ yẹn. Ìdìbò kan ti tó èèyàn jẹ."

"Fúnlọ́lá, aago mẹ́wàá ni tọ̀hún, aago méjìlá ló parí. Aago kan a ti wà ní Garland. Màá wọ hall pẹ̀lú fìlà yẹn. Gómìnà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan!"

"Màmá ńkọ́? Wọ́n fẹ́ wá dìbò."

"Kò sáyè nínú ọkọ̀. Kí Màmá sinmi, a ti ní numbers."

Ìyá rẹ̀ gbọ́ láti ojú fèrèsé.

Ọjọ́ pé. Ogójì èèyàn ó lé méjì tẹ̀lé Gómìnà lọ, nítorí Babáwálé ní ẹni tó bá fẹ́ràn Ẹ̀kẹ́lẹ́ńsì níbì kan gbọ́dọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ níbi gbogbo. Wọ́n dìbò sínú àpótí onígi. Àwọn òyìnbó tó wá wòran náà dìbò, wọ́n mu omi ọsàn wẹ́wẹ́, inú gbogbo èèyàn dùn. Ní aago méjìlá, Jessica gun orí pẹpẹ, ó ṣí ìwé, ó sì kéde pé Adájọ́ ló wọlé.

Ẹ̀yin ará, ẹlòmíràn ì bá pàtẹ́wọ́, kó lọ sílé. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti wá, bí ẹnì kan bá ka èsì ìdìbò láti inú ìwé láìṣí àpótí, a mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. A kì í kúrò nídìí àpótí. Àwa la máa ń dìbò, tí a tún ń dúró ṣọ́ ìbò, tí a tún ń sin ìbò dé ibi ìkàyé. Èèyàn méjìlélógójì sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Madam, where is the result sheet?" ni Babáwálé béèrè.

"The... it's in the script?"

"Who signed it? Where are the agents? A ò ní kúrò níbí o! Ẹ jókòó yí àpótí yẹn ká!"

Wọ́n jókòó yí i ká. Ìyá àgbàlagbà òyìnbó kan tó ṣa ìwé ìdìbò tó já bọ́ sílẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn olè ìbò kàn án. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n kà á sókè, wọ́n tún un kà: Kọ́nẹ́ẹ̀lì márùndínláàádọ́ta, Adájọ́ mọ́kàndínlógún. Jessica ń fọwọ́ nu ojú. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó fún ọkùnrin náà ní ohun tó fẹ́. Ní aago kan ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi bírò fa ìlà sí orúkọ Adájọ́, ó kọ ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì sókè rẹ̀.

Ariwo sọ. Bí wọ́n bá wọkọ̀ nígbà náà, wọn ì bá bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n ta ló wọlé ìdìbò tí kò dúpẹ́? Gómìnà yọ ìwé mọ́kànlá jáde lápò.

"Mo gba ipò yìí," ló wí, "kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ ẹ, bí kò ṣe nítorí pé ìtàn ń sunkún pè mí láti ọdún 1900!"

Ìtàn sunkún fún ogún ìṣẹ́jú ó lé. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò. Nígbà tí kọ́nfọ̀ì máa fi wọ freeway, aago kan ààbọ̀ ti lọ, ọkọ̀ ńlá kan sì ti kú sójú ọ̀nà níwájú wọn.

Ní Garland, àwọn àgbà ti jókòó nínú gbọ̀ngàn láti aago méjìlá. Níkẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ kó wọn wá láti ojú fèrèsé kan sí òmíràn. Ẹni tó ti pẹ́ tí kò rí ibi lọ kì í pẹ́ dé ibi tí a bá pè é. Nígbà tí aago lu méjì, Husseinat dìde, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kọ́nfọ̀ì dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì. Gómìnà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fìlà ìdérí ìkòkò, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí òógùn. Ó kan gíláàsì.

"Husseinat! Ṣí ilẹ̀kùn!"

Husseinat wá. Kò gbá aago ọwọ́ kankan. Ó kàn ṣí ìwé òfin, ó sì fi ojú ewé náà lẹ gíláàsì kí Gómìnà lè kà á. Ẹ yọ ìka yín níbẹ̀ báyìí. Gómìnà kà á dé "ìbáà ṣe èmi Adéyẹmọ fúnra mi," ètè rẹ̀ sì dúró.

"Ẹ má bínú, sà," ni Husseinat wí láti inú. "Ẹ̀yin lẹ ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Láti ibi tó dúró, ó ń rí gbogbo rẹ̀. Nítorí pé kò sí níbẹ̀, wọ́n ti gbé fọ́tò rẹ̀, èyí tó tóbi jù, lé orí àga. Ẹnì kan ṣoṣo ló tò sẹ́yìn fọ́tò náà, Waleed, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ó sì rò pé ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Lẹ́yìn Níkẹ́, èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n: ọ̀pá ìtilẹ̀, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, gèlè, awò ojú. Ìyá Gbéminíyì ló wà níwájú. Ẹni tó tẹ̀lé e, tó wọ búláòsì aláwọ̀ omi tí Gómìnà fúnra rẹ̀ rà fún un lọ́jọ́ ìbí, ni ìyá tó bí i lọ́mọ.

"Màmá!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé gíláàsì. "Màmá, ẹ̀yin náà?"

Ìyá rẹ̀ fi ìlà sílẹ̀ díẹ̀, ó ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn bá òun di ibẹ̀ mú. Ó rìn wá síbi gíláàsì.

"Adéyẹmọ, yọ nǹkan yẹn lágbọ̀n kí n lè mọ̀ ọ́."

Ó fà á yọ. Ó dùn ún.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà nílùú yìí," ni ìyá wí. "Ọkọ̀ yẹn ò gbé mi jìnnà sí ilé rẹ rí. Ọmọ ni mo bí. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo bí gómìnà." Ó wo fìlà náà dáadáa. "Ó yẹ ọ́ o. Jẹ́ kí n padà síbi ìlà mi kí wọ́n má baà gbà á."

Babáwálé yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ pé kó tó dé ilé ló ti kí "Madam Alága" kú oríire lórí WhatsApp. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá kékeré ní Richardson béèrè pé, "Ade, how was your weekend?" Ó ní, "Fine."

Níkẹ́ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dá orúkọ Alága padà, wọ́n to àga padà sínú bọ́ọ̀sì, ó sì béèrè nípàdé pé ta ló máa máa wà á ní gbogbo Sátidé. Gbogbo wa fẹ́ràn àwọn àgbà, ṣùgbọ́n Sátidé ni a ń fọṣọ. Ìyá kan ló na ọwọ́ sókè.

"Mo ní ọmọ kan nílé," ló wí, "tí Sátidé rẹ̀ ṣófo."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí títí di òní nìyẹn. Wọ́n ti fi kẹ́míkà fọ ohun tó kọ sára ọkọ̀, ṣùgbọ́n GOVERNOR kò parẹ́ tán. Àwọn ìyá náà kò sì jẹ́ kó parẹ́. "Gómìnà, dín òtútù ọkọ̀ yìí kù." Ó dín in kù. "Gómìnà, rọra gba orí gegele." Ó rọra gbà á. Ìyá rẹ̀ ló ń jókòó níwájú, ó ń fi ọ̀kẹ́rẹ́ àdúgbò ẹlòmíràn wé ti ilé.

Ní Sátidé tó kọjá, ọ̀nà há. Aago mẹ́wàá ló yẹ kó dé Pleasant Grove, ó dé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyá Gbéminíyì ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì apartment wọn, lórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Adéyẹmọ sáré dé ibẹ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ìyá náà ti tì í pa. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ọwọ́ tí kò sí aago kankan níbẹ̀, ó fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mẹta.

Adéyẹmọ dúró. Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú gíláàsì, lórí kọnkéré, lójú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìyá Gbéminíyì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún bí ìgbà tí èèyàn lè kà dé ẹẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Wá bá mi gbé ọ̀pá yìí, a ti pẹ́."